Àwọn Tí Ọlọ́run Yàn ní Bẹyẹrúnkà

Nígbà tí Pásítọ̀ Japheth Ọlábọ̀wálé fi máa tó ẹni àádọ́ta ọdún, ìwàásù ti sú u. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí pásítọ̀ kì í jẹ́ kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n Bertha ìyàwó rẹ̀ mọ̀. Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, bí ó bá ti wọ kóòtù rẹ̀ tán, yóò jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, yóò máa wo ilẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ní kó lọ gbé ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ìjọ Ìlẹ̀kùn Ìyè ni wọ́n fi í ṣe olùṣọ́ àgùntàn fún, ní Bẹyẹrúnkà, láàárín àwọn agbo ilé àtijọ́ tí páànù orí wọn ti dípẹtà. Ìjọ ajíhìnrere ni. Kò sí àbẹ́là níbẹ̀, kò sí aṣọ funfun. Ìsọjí ni wọ́n mọ̀ wọ́n mọ́. Bí oṣù kẹjọ bá ti dé, wọn a ta tapólì síwájú ṣọ́ọ̀ṣì, wọn a so ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ òpó, Pásítọ̀ a sì wàásù ọ̀run àpáàdì títí ohùn rẹ̀ yóò fi há. Lẹ́yìn náà ni yóò ní kí ẹni tó bá fẹ́ gba Jésù bọ́ síwájú. Àwọn akọrin a máa fi ohùn jẹ́jẹ́ kọrin, wọn ò sì ní dákẹ́ títí ẹnìkan yóò fi dìde.

Èyí tó ń rẹ Pásítọ̀ jù ni pé àwọn kan náà ló máa ń dìde. Àwọn tó jáde léṣìí náà ni wọ́n tún máa jáde lọ́dún yìí, pẹ̀lú ẹkún kan náà. Rachel, ìyàwó Oyèdélé, ló sì máa ń ṣáájú wọn. Aṣọ ilé-ìwé ni obìnrin yìí ń rán ní Bẹẹrẹ. Ọkọ rẹ̀ ń tún rédíétọ̀ ọkọ̀ ṣe nítòsí ibẹ̀. Kò sí ẹni tó lè nàka àbùkù sí Rachel. Kì í jà, kì í ṣòfófó, kì í pa ìsìn jẹ. Síbẹ̀, bí orin ìpè bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, ara rẹ̀ a máa gbọ̀n.

Lọ́dún kan, ní àkókò tí àwọn sójà ń fi kóbókó kọ́ ará ìlú láti tò sórí ìlà, Rachel dúró de Pásítọ̀ lẹ́yìn tí àwọn èèyàn ti túká.

"Ìyá Dípọ̀, ẹ tún jáde lónìí," ni Pásítọ̀ wí.

"Ẹ má bínú, Pásítọ̀. Ó jọ pé ti ọdún tó kọjá ò mú dáadáa ni."

"Kí ni ò mú?"

"Ìgbàlà náà ni. Mo gbà á o, mo sì gbàdúrà bí ẹ ṣe kọ́ wa. Àmọ́ tó bá yá, màá bínú sí oníbàárà kan, tàbí kí n sùn lọ láì gbàdúrà, ọkàn mi á wá ní ó ti bọ́. Bóyá n kì í dì í mú dáadáa ni." Ó fi ọwọ́ kan ra èkejì. "Ọwọ́ ti ń ro mí, Pásítọ̀."

Pásítọ̀ Ọlábọ̀wálé la ẹnu láti sọ ohun tó máa ń sọ, pé kí ó túbọ̀ gbìyànjú, kí ó túbọ̀ gbààwẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò jáde. Ó ní, "Ẹ lọ sinmi, Ìyá Dípọ̀," ó sì bá ẹ̀yìnkùlé gba ilé lọ kí ẹlòmíràn má baà tún dá a dúró.

Kò pẹ́ sí àkókò yẹn ni Samuel Ọláyínká gbé ìwé wá fún un. Ọ̀dọ́kùnrin ni Ọláyínká, tísà ní ilé-ìwé girama kan ní Òkè Bọ́lá, ọmọ ìjọ tó já fáfá, tí kì í lè sọ ọ̀rọ̀ kí ó má na ìka sókè. Níbi tó ti lọ ṣe àgùnbánirọ̀ lókè ọya ló ti pàdé àwọn kan tó ń ka ìwé àwọn oníwàásù ayé àtijọ́, ìwé tí àwọn kan ń tẹ̀ nílùú òyìnbó tí wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ sí àwọn pásítọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀kọ́ Kálífínì ni wọ́n ń pè é, orúkọ ọkùnrin kan tó gbé ayé ní ohun tó lé ní irinwó ọdún sẹ́yìn. Ẹ̀kọ́ náà ní èèyàn ti kú nínú ẹ̀ṣẹ̀ débi pé kò lè ran ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní Ọlọ́run ti yan àwọn tirẹ̀ kí ó tó dá ayé, kì í ṣe nítorí ohun rere kankan tó rí lára wọn, àti pé ẹni tí Ọlọ́run bá yàn, kò lè ṣègbé láé.

"Ẹ kà á, sà," ni Ọláyínká wí. "Ẹ ó rí i pé èyí ni àwọn bàbá wa nínú ìgbàgbọ́ ń wàásù kí àwa tó wá sọ ọ́ di ariwo."

Pásítọ̀ kò kọ́kọ́ fẹ́ ẹ. Ó dà bí ọ̀rọ̀ líle létí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń kà á ní ọ̀sọ̀ọ̀sán lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ní wákàtí tí oòrùn máa ń lé gbogbo Bẹyẹrúnkà wọlé. Ó ń ka ìwé náà, ó ń ṣí Bíbélì tì í, Róòmù, Éfésù, Ìhìnrere Jòhánù, àwọn ibi tó ti fi ogún ọdún sáré kọjá lórí wọn. Ní ọjọ́ kan, nígbà tí Bertha ti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́ dé, ó bá a lójú oorun lórí àga náà, ìwé wà láyà rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn, kò rí i kí ó sùn lọ́sàn-án rí. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án níwájú orí.

"Bàbá Bólú, ṣé ara yín le?"

"Ara mi le. Ó rẹ̀ mí ni."

"Ó ti ń rẹ̀ yín tipẹ́. Kí ló wá ń pa yín lẹ́rìn-ín?"

Ó jókòó dáadáa. "Bertha, ó jọ pé kò sẹ́ni tó ní kí n gbé e."

"Kí ẹ gbé kí ni?"

"Gbogbo rẹ̀."

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, kò pariwo lórí pẹpẹ. Ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bí ìyá bá pọn ọmọ, ta ló so ọ̀já? Ṣé ọmọ ni? Ọmọ lè sùn. Ó lè sunkún, ó lè máa ta ẹsẹ̀, ó tilẹ̀ lè gbàgbé pé ẹ̀yìn ìyá lòun wà. Ọ̀já ò ní torí ìyẹn tú, nítorí kì í ṣe ọwọ́ ọmọ ló so ó." Lẹ́yìn náà ló gbàdúrà tó sì tú ìjọ ká. Kò ní kí ẹnikẹ́ni bọ́ síwájú. Àwọn akọrin tí wọ́n ti dìde dúró de orin ìpè ń wo ojú ara wọn.

Rachel lọ sílé ní ọjọ́ náà, ó jẹ oúnjẹ ọ̀sán, ó sì dùbúlẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ló tó jí. Oyèdélé rò pé àìsàn ni.

Fún bí ọdún kan ó lé díẹ̀, Pásítọ̀ Ọlábọ̀wálé gbádùn ara rẹ̀. Nígbà tí oṣù kẹjọ dé, wọn ò ta tapólì. Ìyẹn ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Díákónì àgbà ìjọ náà, Bàbá Adégòkè, tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ reluwé, wá bá a nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn pẹpẹ, kò sì jókòó.

"Pásítọ̀, kádàrá lẹ ń kọ́ wa. Mọ́sáláṣí wà lẹ́yìnkùlé mi, mo mọ ohùn kádàrá tí mo bá gbọ́ ọ. Bàbá tó bí mi kú sínú ìbọ̀rìṣà, àkúnlẹ̀yàn lòun náà ń wí títí ó fi kú. Ìdí tí mo fi sá wá sọ́dọ̀ Jésù nìyẹn. Ṣé kí n tún wá bá a nínú ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Bàbá, ọ̀tọ̀ ni. Àkúnlẹ̀yàn ní èèyàn ló kúnlẹ̀ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn. Ohun tí mò ń sọ ni pé Ọlọ́run ló yàn, ó sì fi àánú yàn wá."

"Bí ó bá ti yàn tán, kí la wá ń so gbohùngbohùn mọ́ òpó fún látọjọ́ yìí? Kí la ń wàásù fún?"

"Nítorí pé a ò mọ àwọn tó yàn. Iṣẹ́ tiwa ni kí a pè wọ́n. Èyí tó kù, iṣẹ́ rẹ̀ ni."

Bàbá Adégòkè mi orí. "Ẹ̀yin lẹ kàwé," ni ó wí. Ohùn rẹ̀ fi hàn pé kì í ṣe yínyìn ló ń yin ìwé náà.

Èyí tó dun Pásítọ̀ ju ti àwọn àgbà lọ ni ti àwọn ọ̀dọ́. Ọláyínká ti kó wọn jọ fún ẹ̀kọ́ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, wọ́n sì fẹ́ràn ẹ̀kọ́ náà bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń fẹ́ràn ohun tí wọ́n lè fi jiyàn. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn yí padà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ nípa "àwọn àyànfẹ́" àti "àwọn yòókù." Ọmọbìnrin kan nínú wọn lọ sọ fún ìyá rẹ̀ àgbà, arúgbó aláṣọ funfun tó tọ́ ọ dàgbà, pé òun ò rí àmì àyànfẹ́ lára rẹ̀. Nígbà tí Pásítọ̀ gbọ́, ó pe Ọláyínká.

"Ẹni tí wọ́n fi oore-ọ̀fẹ́ gbà là kì í gbéra ga, Ọláyínká. Kí ló fẹ́ fi ṣe ìgbéraga?"

"Òtítọ́ ni wọ́n kàn ń sọ, sà. Ẹ̀yin náà ni ẹ fi kọ́ wa."

Ó yẹ kí Pásítọ̀ bá a wí gidi ní ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ìpàdé àwọn díákónì ti tán an lókun, orí ń fọ́ ọ, ó sì ní àwọn yóò tún sọ ọ́. Wọn ò tún un sọ.

Oyèdélé àti Rachel ní ọmọkùnrin kan ṣoṣo, Ọládiípọ̀, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Dípọ̀. Nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ ilé-ìwé, ó jáde níbi ìsọjí kan pẹ̀lú ìyá rẹ̀, Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ ló sì rì í bọmi. Ṣùgbọ́n bó ti dàgbà, ó bá iṣẹ́ lọ́rì lọ. Pákó ló ń kó láti ọ̀nà Oǹdó wá sí Ìbàdàn. Ó ń mutí, kì í dé ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, òun àti bàbá rẹ̀ kì í sì í lè jókòó pọ̀ pẹ́ kí ìjà má bẹ́. Àmọ́ kì í wá kí ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Ẹran ìgbẹ́ yíyan ló máa ń gbé wá, yóò jókòó ti maṣíìnì rẹ̀ ní Bẹẹrẹ, yóò máa bá a ṣẹ̀fẹ̀ títí yóò fi rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ kan tí ọjà kún, bíréèkì lọ́rì Dípọ̀ já lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ti Màpó sọ̀ kalẹ̀ sí Ọjà'ba. Lọ́rì náà bẹ̀rẹ̀ sí sáré pẹ̀lú pákó lẹ́yìn. Kí ó tó dé àárín àwọn èèyàn, ó yà, ó sì kọlu ògiri ilé kan. Dípọ̀ nìkan ló kú. Àwọn kan tó wà níbẹ̀ ní ó mọ̀ọ́mọ̀ ya ọkọ̀ náà ni kí ó má baà pa èèyàn. Àwọn mìíràn ní òórùn ògógóró gba gbogbo orí ọkọ̀ náà, pé kò mọ ibi tó ń darí rẹ̀ sí. Kò sẹ́ni tó mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì, ó sì lè jẹ́ pé òótọ́ ni méjèèjì.

Nígbà tí Pásítọ̀ Ọlábọ̀wálé dé ilé Oyèdélé, orí ẹní ni Rachel wà, kò sunkún mọ́. Àwọn obìnrin ìjọ yí i ká. Ọláyínká àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n rò pé àwọn rọ ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ilé náà kò fẹ̀, gbogbo yàrá ló gbọ́ ọ nígbà tí Ọláyínká ní, "Èso la fi ń mọ igi."

Rachel gbé ojú sókè. "Pásítọ̀, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bi. Ṣé Dípọ̀ wà lára wọn?"

Oyèdélé, tó fara ti fèrèsé, yíjú padà. "Ẹ dá a lóhùn, Pásítọ̀. Ẹ̀yin lẹ rì í bọmi. Ẹ sọ fún un pé ọmọ wa wà lọ́run, kí obìnrin yìí lè rí omi mu."

Láyé ìgbà kan, kò ní ṣòro fún un. Ìbá sọ pé ọmọ náà gba Jésù níbi ìsọjí, ó ti parí. Ó wo ojú Rachel. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ bẹ́ẹ̀, irọ́ ni òun yóò pa, irọ́ tí yóò tù ú lára. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé bí òun bá sọ̀rọ̀ bí Ọláyínká, irọ́ ni ìyẹn náà.

"Mi ò mọ̀, Ìyá Dípọ̀," ni ó wí.

Oyèdélé bá ẹnu ọ̀nà jáde láì wo ẹ̀yìn. Rachel tún dorí kodò. Bertha, tó wà láàárín àwọn obìnrin náà, ló gbé orí Rachel lé itan ara rẹ̀.

Wọ́n sin Dípọ̀ ní ọjọ́ kejì. Rachel àti Oyèdélé kò lọ síbẹ̀, nítorí òbí kì í rí ibojì ọmọ rẹ̀. Pásítọ̀ sọ̀rọ̀ ṣókí létí ibojì, kò sọ pé ọ̀run ni ó wà, kò sì sọ pé kò sí níbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ náà ti dé ilé lónírúurú ọ̀nà. Àwọn àgbà ní Pásítọ̀ kọ̀ láti tu àwọn òbí nínú. Ọláyínká àti àwọn tirẹ̀ ní ó rọ ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nítorí omijé, ó ṣí ilẹ̀kùn ìrètí fún ọ̀mùtí. Oyèdélé ò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Rachel wá lẹ́ẹ̀kan, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá, kò sì tún wá.

Ìjọ ṣe ìpàdé. Bàbá Adégòkè kò bú Pásítọ̀. Ó tilẹ̀ ń sunkún nígbà tó ń sọ̀rọ̀. Ó ní, "A ò bá yín jà. A kàn fẹ́ olùṣọ́ àgùntàn tó lè sọ fún ìyá ọmọ ní ibi tí ọmọ rẹ̀ wà." Ọ̀pọ̀ gbà fún un, wọ́n sì ní kí Pásítọ̀ wá ibòmíràn lọ. Ọláyínká náà kó àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ jáde, wọ́n gba kíláàsì kan ní Òkè Bọ́lá fún ìsìn. Ó wá bá Pásítọ̀ pé kí ó wá máa darí wọn, tí ó bá lè kọ́kọ́ sọ fún wọn pé ìwàásù etí ibojì yẹn, àṣìṣe ni.

"Rárá, Ọláyínká."

"Nítorí kí ni, sà? Ẹ mọ̀ pé ẹ̀kọ́ wa kan náà ni."

"Bóyá. Ó rẹ̀ mí. Ẹ máa lọ kí Ọlọ́run máa bá yín lọ."

Nítorí ilé ìjọ ni Pásítọ̀ àti Bertha ń gbé, wọ́n kó ẹrù wọn lọ sí Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, sí yàrá méjì nínú ilé bàbá Bertha. Bertha ń lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Àwọn ìwé òyìnbó wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò kà wọ́n fún ìgbà pípẹ́. Kì í ṣe pé kò gbà wọ́n gbọ́ mọ́. Ojú rẹ̀ kàn wúwo ni.

Ní àárọ̀ kan tí omi kò yọ ní ẹ̀rọ, tí Bertha ti gbé garawa lọ tó tún gbé e bọ̀ lófìfo, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá Bólú, ẹ ní Ọlọ́run ló so ọ̀já. Ó jọ pé ó ti ń tú."

"Tó bá tú, à bá ti jábọ́."

"Ilẹ̀ náà la wà yìí," ni Bertha wí.

Ó wo ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ náà wò ó, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu àwọn méjèèjì, ẹ̀rín tí kò gùn. Lẹ́yìn náà ni Pásítọ̀ gba garawa lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ wá omi.

Nígbà tí ọyẹ́ mú, Rachel wá. Ọ̀sán ni. Ó ti rù, aṣọ tó wọ̀ ti tóbi jù fún un. Pásítọ̀ gbé àga fún un, ó bu omi fún un.

"Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wàásù fún mi."

"Mi ò ní wàásù."

Ó mu omi náà tán kí ó tó tún sọ̀rọ̀. "Àtọ́kẹ́ àbúrò mi mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, àwọn aláṣọ funfun. Wọ́n rí ìran, wọ́n ní ọmọ mi wà lójú ọ̀nà, kò tíì dé ibi tó ń lọ, kí n gbààwẹ̀. Mo gbà á. Lẹ́yìn ìyẹn, oníbàárà mi kan mú mi lọ sí ibòmíràn, àwọn tó ń lé ẹ̀mí èṣù jáde. Àwọn yẹn ní ẹnìkan ní ìdílé ọkọ mi ló já bíréèkì náà nínú ẹ̀mí. Bàbá Adégòkè wá sílé, ó ní ọ̀run ló wà, kí n nu ojú mi. Ọláyínká ní èso la fi ń mọ igi. Gbogbo wọn ló mọ̀, Pásítọ̀. Gbogbo wọn pátá. Ó ti rẹ̀ mí láti máa gbọ́ ọ."

Pásítọ̀ fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn díẹ̀.

"Kí lẹ sọ níbi ibojì ọmọ mi? Mi ò sí níbẹ̀. Ohun tí àwọn èèyàn gbé wá bá mi, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni."

"Mo ní Ọlọ́run kì í yan èèyàn nítorí pé ó dára. Bó bá jẹ́ èèyàn rere ló ń yàn, kò ní kan ìkankan nínú àwa tí a yí ibojì ká. Mo ní ọtí ò lè dí Ọlọ́run lọ́nà, ìrìbọmi tí mo ṣe fún un ò sì lè fipá mú Ọlọ́run. Mo ní láti ibi tí bíréèkì ti já dé ibi tí ògiri wà, kò jìnnà lójú tiwa, àmọ́ ibẹ̀ fẹ̀ tó fún Ọlọ́run láti ṣe ohun tó bá wù ú. Mi ò mọ ohun tó ṣe níbẹ̀. Mo ní kí a fi ọmọ náà lé ẹni tó mọ̀ lọ́wọ́. Ó tán."

"Kò gùn."

"Ohùn mi ò jẹ́."

Rachel ń wo ife omi tó ti tán. "Ẹ ò sọ pé ó wà lọ́run."

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ò sì sọ pé kò sí níbẹ̀."

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ náà."

"Mo bínú sí yín gan-an, Pásítọ̀. Inú ṣì ń bí mi."

"Ó yẹ kó bí yín."

Níta, ẹnìkan ń gún nǹkan nínú odó. Nígbà tó yá, Rachel ní, "Mò ń gbàdúrà fún un. Mo mọ̀ pé àwa kì í gbàdúrà fún òkú. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa. Àmọ́ tí mo bá ti kúnlẹ̀, orúkọ rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

Pásítọ̀ mọ ohun tí àwọn ìwé inú páálí yóò sọ. Ó mọ ojú ìwé tí ó wà. Ó pa ojú dé díẹ̀.

"Kí ó tó dá ayé ló ti mọ̀ pé ìyá kan ní Ìbàdàn yóò máa pe orúkọ ọmọ rẹ̀ báyìí," ni ó wí. "Mi ò rò pé ó máa yà á lẹ́nu. Kò sóhun mìíràn tí mo lè sọ."

Rachel sọ̀ kalẹ̀ láti orí àga, ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì. Pásítọ̀ náà kúnlẹ̀. Àdúrà Rachel kò gùn. Ó ní, "Olúwa, Dípọ̀ mi. Dípọ̀ mi nìyẹn lọ́wọ́ yín o." Lẹ́yìn náà ni ẹkún gbé e, ẹkún tí kò tíì rí sun láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọmọ náà. Pásítọ̀ dúró títí ó fi tán, ó sì ṣe àmín. Kò dá a lójú bóyá ó tọ́ kí òun ṣe àmín náà. Ó ti ṣe é.

Láti ìgbà náà ni Rachel ti ń wá ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi. Ó mú Àtọ́kẹ́ wá nígbà kan, Àtọ́kẹ́ sì padà wá. Tọkọtaya kan láti ìjọ àtijọ́ ń yọ́ wá pẹ̀lú. Àga àti bẹ́ńṣì inú pálọ̀ ń tó wọn, wọn kì í sì í ní láti yá kún un. Pásítọ̀ yóò ka ibì kan nínú Bíbélì, yóò ṣàlàyé rẹ̀ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, ẹni tó bá ní ìbéèrè yóò bi í. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló ń sọ pé òun ò mọ̀. Wọ́n gbọ́ pé àwọn ará Òkè Bọ́lá ti pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ kan tí kò yé ẹnikẹ́ni, pé Ọláyínká sì ti lọ sí Èkó.

Oyèdélé ló máa ń wá mú ìyàwó rẹ̀ lọ sílé. Kì í wọlé. Yóò dúró lábẹ́ òrùlé ilé òdìkejì, yóò yí ẹ̀yìn sí wọn. Bertha a gbé oúnjẹ jáde fún un, Oyèdélé a ní òun ti yó. Pásítọ̀ a kí i láti ẹnu ọ̀nà. Kì í dáhùn.

Ní ọjọ́ kan tí òjò àkọ́rọ̀ ń bọ̀, ìjì gbé eruku, páànù kan ṣí kúrò lórí ilé tí Oyèdélé máa ń dúró sí. Òjò náà wá dà bí ẹni tú garawa. Oyèdélé bá ara rẹ̀ nínú pálọ̀, aṣọ rẹ̀ ń kán sílẹ̀.

"Mi ò wá jọ́sìn o," ni ó wí. "Òjò ni."

"A rí òjò náà, Bàbá Dípọ̀," ni Bertha wí, ó sì na táwẹ̀lì sí i. Rachel sún fún un lórí bẹ́ńṣì, kò wo ojú rẹ̀. Oyèdélé jókòó síbi tó sún mọ́ ilẹ̀kùn jù.

Òjò ń lu páànù, kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè gbọ́ ohun tí èkejì ń sọ. Pásítọ̀ Ọlábọ̀wálé fi ìka sí ibi tó kà dé, ó jókòó, ó ń dúró kí òjò dá.